Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lórí Ilẹ̀ Baba Wa: Ìtàn Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Kan Láti Ìwé Àdéhùn 1861 Títí Dé Lẹ́kí àti Ajah

Iṣẹ́ tí a gbé ka iwájú àwọn olùkọ́ wa àti àwọn akẹẹgbẹ́ wa nínú bébà yìí ni láti tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mélòó kan tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ará Lẹ́kí àti Ajah nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. "Title", "family", "tenant", "estate", "gazette": ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò sọ pé òun mọ gbogbo wọn, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣàjèjì, ènìyàn a máa bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀; èyí tí ó bá dà bí ojúlùmọ̀, ènìyàn a kàn fọwọ́ sí i ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ikùn méjì, ó kéré tán. Ọ̀kan ni èyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ lọ́jà. Èkejì ni èyí tí àwọn amòfin Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ rọ sínú rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ wa ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè lè ní a ti wọ oko olóko. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n tí òpìtàn bá ka ìwé àdéhùn tàbí ìdájọ́ láìbèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ túmọ̀ sí lọ́dún tí a kọ ọ́, àti lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́, ìtàn tí yóò sọ fún wa kò lè dúró. Àwa kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nínú ìwé. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni ó ra ilẹ̀ kan lọ́nà Ṣáńgótẹ̀dó. Wọ́n sọ fún un pé ilẹ̀ náà "wà nínú gásẹ́ẹ̀tì". Òótọ́ ni. A óò padà sí i.

Ọ̀rọ̀ kan, ikùn méjì

Kí a tó dé Èkó, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò kí ọ̀nà tí a fẹ́ gbà lè hàn. Èkíní ni "mortgage". Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni ó ti wá: "mort" ni òkú, "gage" ni ohun ìdógò. Ìdógò tí ó kú ni. Edward Coke, amòfin ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ṣàlàyé pé bí ajigbèsè kò bá san owó nígbà tí ó dá, ilẹ̀ ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Bí ó bá sì san án, ìdógò ti kú mọ́ olówó lọ́wọ́. Ní ti Yorùbá, ilẹ̀ tí a fi dógò kì í kú. Bí bàbá kò bá lè rà á padà, ọmọ lè rà á padà. Bí ọmọ kò bá lè ṣe é, ọmọ-ọmọ lè gbé owó kan náà lọ bá ọmọ-ọmọ olówó kí ó sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa náà ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òfin ìbílẹ̀ wí. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé bá jókòó tí ó sì kọ "mortgage" sórí ìwé bàbá àgbà kan tí kò mọ̀wé, tí bàbá àgbà sì ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ohun tí ó wà lọ́kàn oníkálùkù ń ta ko ara wọn: ọ̀kan ń sọ ohun tí ó lè kú, èkejì ń sọ ohun tí kò lè kú.

Èkejì ni "tenant". Ẹni tí ó háyà yàrá ni a mọ̀ sí i ní Èkó lónìí. Ṣùgbọ́n nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "dì mú" ni ó ti wá, olúkúlùkù tí ó ní ilẹ̀ ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọba nìkan ni ó ni ilẹ̀ pátápátá ní ìlànà tiwọn. Àwọn yòókù kàn ń dì í mú lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti gbọ́ èyí, ẹ ó rí i pé "estate" pẹ̀lú kì í ṣe ilẹ̀. Ipò ni, ìyẹn bí ẹni náà yóò ti di ilẹ̀ mú pẹ́ tó àti irú àṣẹ tí ó ní lórí rẹ̀. Ní Lẹ́kí lónìí ẹ̀sìtéètì ti di ògiri gíga, géètì àti ọ̀gbẹ́ni tí ó ń béèrè orúkọ ẹni tí ẹ wá kí. Nígbà tí àwọn adájọ́ òyìnbó wá bá ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, "tenant" náà ni wọ́n tún pè é. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ayálégbé. Kò sí ẹni tí yóò lé e kúrò nítorí pé oṣù ti parí. Àfi bí ó bá hùwà àìdáa, bí ó bá tilẹ̀ sẹ́ pé onílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀. Iṣu díẹ̀, ẹja díẹ̀, tàbí owó díẹ̀ tí ó ń mú wá lọ́dọọdún, ìjẹ́wọ́ ni, kì í ṣe owó ilé.

Ìwé Dòsùnmú

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. William McCoskry, adelé kọ́ńsù, àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, ni wọ́n wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ ogun wà lójú omi, ìbọn rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìyẹn. Ohun tí a kì í sábà yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ inú ìwé náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ pé Dòsùnmú fi sílẹ̀ ni "port" Èkó, kí wọ́n tó dárúkọ erékùṣù. Ní etí ọlọ́jà, ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ ni "port". Ní etí òfin Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ìjọba ti ń gba owó orí ẹrù ni. Owó orí ẹrù yìí sì ni ọba fi ń jẹun. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣèlérí fún un, ẹgbẹ̀fà (1,200) àpò owó ẹyọ lọ́dún, ni wọ́n fi wé ohun tí ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀. Wọ́n kò ra iyanrìn etí òkun. Àpótí owó ni wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ kejì yani lẹ́nu ju èyí lọ. Ìwé náà gbà pé kí Dòsùnmú máa jẹ́ "King" lọ, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń ní ní Áfíríkà. Ẹ kíyè sí i: àwọn tí ó kọ ìwé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ní ìtumọ̀ méjì. Wọ́n mú èyí tí ó kéré fún ọba, wọ́n mú èyí tí ó tóbi lọ sílé. Wọn kò sì sọ ohun tí ìtumọ̀ ti Áfíríkà náà jẹ́. Nígbà tí Herbert Macaulay gbé ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí lọ sí Lọ́ńdọ̀ọ̀nù ní 1920, tí ìròyìn sì tàn pé ó ń pe Ẹlẹ́kọ̀ ní ọba ńlá tí a jẹ ní gbèsè, inú bí ìjọba Èkó gidigidi. Àìgbọ́ra-ẹni-yé yẹn wà lára ohun tí ó fa a tí wọ́n fi lé Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó ní 1925, kò sì padà títí di 1931. Lójú tiwa, ìjà lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà fún ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta kan àgbègbè tiwa gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé náà lo ọ̀rọ̀ bíi "give", "transfer", "grant". Kí ni ọba Èkó lè fúnni? Àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun, ni wọ́n ni ilẹ̀: Oníru, Ẹlẹ́gùṣí, Olúmẹ́gbọ́n, Ọjọmú, Olúwa, Ọjọ́rà àti àwọn yòókù. Àṣẹ ìlú ni ó wà lọ́wọ́ ọba. Ní Yorùbá, ẹni tí ó ni ìlú àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ lè jẹ́ ẹni méjì, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lè gbé méjèèjì pọ̀, wọ́n sì lò ó. Láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ilẹ̀ fún ènìyàn lórúkọ Adé, bí ẹni pé láti ọwọ́ Adé ni ilẹ̀ ti wá.

Ẹjọ́ Olúwa, 1921

Ní 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ ìdílé Olúwa ni. Amodu Tijani tí ó jẹ́ Olóyè Olúwa ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn adájọ́ Èkó kọ̀. Wọ́n ní ohun tí olóyè ní kì í ṣe ilẹ̀. Àṣẹ láti bójú tó o àti láti gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni ìjọba yóò san. Ẹ rí i pé ohun tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ lásán.

Ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀ọ̀nù, Viscount Haldane sì sọ ìdájọ́ ní oṣù Agẹmọ, 1921. Ohun tí ó sọ ṣe pàtàkì fún bébà yìí ju fún ti agbẹjọ́rò lọ. Ó ní ènìyàn a máa fẹ́, nígbà mìíràn láìmọ̀, láti fi ọ̀rọ̀ tí ó hù nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn, àti pé a ní láti ká ara wa lọ́wọ́ kò gidigidi. Ó tọ́ka sí ìròyìn tí Adájọ́ Àgbà Rayner kọ ní 1898 pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìlú tàbí ti ẹbí, kì í ṣe ti ẹnì kan; bí a bá sì pe olóyè ní olówó ilẹ̀, àṣìsọ ni, nítorí alágbàtọ́jú ni. Olúwa borí. Wọ́n ní kí a san owó náà gẹ́gẹ́ bí ẹni pé gbogbo ilẹ̀ ni olóyè fi sílẹ̀ lórúkọ ìdílé, kí a sì yọ ẹ̀tọ́ àwọn tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn sí apá kan.

Ìdájọ́ tí ó dára ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ èrò wa: Haldane náà kò bọ́. Nínú ìdájọ́ kan náà tí ó ti kìlọ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ òfin àwọn ará Róòmù, "usufruct", ni ó fi ṣàlàyé ohun tí ẹbí ní, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti jẹ èso ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó sì fi ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ sọ pé orírun ilẹ̀ wà lọ́wọ́ Adé. Ẹni tí ó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ wa tún fi òmíràn sílẹ̀.

"Family" kò yọ sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí a dá ní Èkó ní 1908, ilé Olóyè Mábìnúorí ni wọ́n ń jà sí. Ó kú ní 1874, ó sì fi ọmọ méjìlá sílẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "family" ni bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ tí ó wà nínú ilé kan. Adájọ́ Osborne ní láti pe àwọn olóyè kí wọ́n wá ṣàlàyé ohun tí ẹbí jẹ́ ní Èkó. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀rọ̀ kan ti wọ inú ìwé òfin tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀: Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tí ń di olórí lẹ́yìn bàbá. Lẹ́yìn tirẹ̀, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ bàbá náà ni, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ohun tí a rí kọ́ níbí ni pé nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá fara balẹ̀ bèèrè, ọ̀rọ̀ Yorùbá a máa wọlé fúnra rẹ̀.

Láti "vest" dé gásẹ́ẹ̀tì

Ìlà òkun láti Ìrú lọ sí Ìkátẹ́, Àjíràn, Ajah, Bádóore àti Ṣáńgótẹ̀dó jẹ́ abúlé apẹja àti alágbọn títí di àìpẹ́ yìí. Ìwé àdéhùn 1861 kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Ní apá ìlà-oòrùn, àdéhùn mìíràn ni ó wà, èyí tí Kòsọ́kọ́ bá Kọ́ńsù Benjamin Campbell ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854, nínú èyí tí wọ́n gbà pé Palma, tí àwa ń pè ní Orímẹ́dù, jẹ́ "port" tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn.

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, 1978, ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Apá kìíní òfin náà sọ pé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a "vest" lọ́wọ́ gómìnà, láti máa tọ́jú rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀wù ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Látìn. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, bí olúwa kan bá fẹ́ fún ọmọ-abẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀, wọn yóò pàdé lórí ilẹ̀ náà lójú ẹlẹ́rìí, yóò sì bu ebè tàbí ẹ̀ka igi lé e lọ́wọ́. Ìwọ̀lẹ́wù ni wọ́n ka èyí sí. Ó jọ tiwa, níbi tí a ti ń gbin pèrègún sí ààlà lójú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ní 1978 kò sí ẹni tí ó dé Ajah pẹ̀lú ẹ̀ka igi. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìwé, ẹ̀wù sì ti kúrò lọ́rùn ẹnì kan bọ́ sí ọrùn ẹlòmíràn. Àwọn kan tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ tilẹ̀ rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀ pátápátá, títí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi sọ nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu ní 1991 pé òfin náà kò sọ ayáloko di onílẹ̀.

Ní Mọ́rókò, lórí ilẹ̀ ìdílé Oníru, ọ̀rọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ni "squatter". Ẹni tí ó lóṣòó ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó lóṣòó kò jókòó. A lè ní kí ó dìde nígbàkigbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Mọ́rókò ni wọ́n ti san owó fún onílẹ̀, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ, 1990, nígbà ìṣàkóso Raji Rasaki, ìjọba fún wọn ní ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà katakata wọlé. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (300,000) ènìyàn ni a sábà máa ń kà pé wọ́n pàdánù ilé wọn. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ ni ó wó ilé. Ṣùgbọ́n kò rọrùn láti fún ẹni tí a pè ní onílé ní ọjọ́ méje.

Ó ku "excision" àti "gazette", àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lónìí. Iṣẹ́ wọn rí báyìí: ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun gba ilẹ̀ tí ó fẹ̀ lọ rẹrẹ, abúlé wà nínú rẹ̀, oko wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abúlé kọ̀wé, ó ya àwòrán ilẹ̀, ó sì bẹ̀ pé kí a yọ ibi tí òun wà kúrò. Bí gómìnà bá gbà, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé a ti yọ ọ́; èyí ni "excision". Ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó kì í ṣeé yọ. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́-abẹ ni "excision" ní ilé ìwòsàn. Ohun tí a fi ń pe kókó tí a gé kúrò lára aláìsàn. Kí a wá bi ara wa: ta ni ara, ta ni kókó? Abúlé tí ó ti wà kí ìpínlẹ̀ Èkó tó wà, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ni a wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tí a gé kúrò lára ìjọba.

Ní ti "gazette", owó wẹ́wẹ́ kan ní ìlú Venice ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, iye tí wọ́n fi ń ra ìwé ìròyìn. Orúkọ owó di orúkọ ìwé, ìwé di ti ìjọba, ó sì wọkọ̀ dé Èkó. Ní Ajah ó ti di orúkọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀: ilẹ̀ gásẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ń tà á kì í purọ́ dandan. Inú gásẹ́ẹ̀tì ni ìjọba ti ń kéde pé òun gba ilẹ̀. Inú gásẹ́ẹ̀tì náà ni ó ti ń kéde pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Ìwé méjèèjì ń jẹ́ orúkọ kan. Èyí tí wọ́n fi han àbúrò bàbá mi ni èyí tí ìjọba fi gba ilẹ̀. Ó kà á, orúkọ abúlé wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Owó ọjà ọdún mọ́kànlá ni ó kó lé wọn lọ́wọ́. Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn ni mo bá a ka ìwé náà, èmi náà kò sì bèèrè irú gásẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gba ọ̀nà kejì. "Ọmọ onílẹ̀" jẹ́ orúkọ iyì. Ó ya ọmọ bíbí ìlú sọ́tọ̀ fún àlejò. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ a máa rọra tẹ ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó ṣe òfin ààbò dúkìá ní 2016, tí ó sọ fífi ipá gba ilẹ̀ àti gbígba owó tipátipá lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́lé di ọ̀ràn, àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. "Omo onile" ni wọ́n kọ, láìfi àmì sí i, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọ̀daràn. Ọmọ Olúmẹ́gbọ́n tàbí ọmọ Ẹlẹ́gùṣí tí ó bá jẹ́ orúkọ yìí lónìí ní láti yára fi kún un pé kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀ ń rò.

Nígbà tí mo lọ sí Ajah kẹ́yìn, mo ka àwọn ohun tí a kọ sára ògiri láti ojú ọ̀nà títí dé etí ọ̀sà. "This land is not for sale" ni ó pọ̀ jù, pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Lára ògiri kan, ẹnì kan ti fi èédú kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá pé ilẹ̀ ẹbí ni.